Ọjọ́ Mẹ́ta ní Òde-Omi

Ọmọ mi ló sanwó. Ó ní, "Ìyá, ẹ lọ sinmi."
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti dúró ti ẹ̀rọ ata ní Ìṣarà,
òórùn dísẹ́lì nínú ìborùn, ata lábẹ́ èékánná.
Ìsinmi kan ṣoṣo tí mo mọ̀
ni ìgbà tí bẹ́líìtì bá já.

Ọkọ̀ Ọṣìfẹ̀sọ̀ gbé wa láti Ìwòpin kọjá ọ̀sà,
èmi àti Ìbídùnní àbúrò mi,
tó di àpò gààrí mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.
"Ta ló mọ̀ bóyá tiwọn kan dáadáa?"

Oòrùn ò bá wa ṣeré rárá.
Iyanrìn gbóná bí agbada tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó gààrí kúrò nínú ẹ̀.
Èmi tí orúnkún ń dùn,
mo fò, mo tún fò, mo sá bí ọmọ ewúrẹ́
títí omi fi lá mi lẹ́sẹ̀.
Ìbídùnní rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n fún wa ní yàrá tó kọjú sí òkun,
àga méjì lábẹ́ igi àgbọn,
àti ọmọdébìnrin kan tó ń béèrè ṣáá pé,
"Mà, kí lẹ fẹ́?"
N ò fẹ́ nǹkan kan.
Ìyẹn gan-an ló ń ni mí lára.

Lóru ọjọ́ kìíní, ọwọ́ mi ń ṣí, ó ń pa,
bí ẹni ń ti tàtàṣé sẹ́nu ẹ̀rọ.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù nínú òkùnkùn.
Mo gbọ́ ìró kan níta:
gùùrù, gùùrù, hàà.
Mo ní, ta ló ń lọ ata láàárọ̀ kùtù báyìí?

Òkun ni.
Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì ń lọ̀.
Iyanrìn ló ń lọ̀, ó ti lọ̀ ọ́ kúnná,
síbẹ̀ kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn.
Kò sẹ́ni tó to abọ́ dè é,
kò sẹ́ni tó ń pariwo pé, "Èmi ló kàn!"
Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ lówó.
Mo fa àga sún mọ́ ọn,
mo jókòó tì í, bí oníṣẹ́ ṣe ń jókòó ti oníṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, a rẹ gààrí sínú omi tútù,
Ọṣìfẹ̀sọ̀ mú ẹja yíyan wá, kò gba kọ́bọ̀.
Oorun gbé Ìbídùnní lọ, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.
Èmi náà sùn. Lọ́sàn-án gangan!
Bí wọ́n bá gbọ́ ní Ìṣarà,
wọn á ní ara mi ò yá.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ mi pè.
"Ìyá, ṣé ẹ ti sinmi?"
Mo ní kó dúró ná, ọwọ́ mi dí.
Irọ́ ni.
Ọwọ́ mi wà lórí itan mi, ó tẹ́ sílẹ̀ bí ewé,
iyọ̀ òkun ti fọ èékánná mi,
pupa ibẹ̀ ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀.
Mo ń wò wọ́n.