Ìlà Kékeré Méjì

Òtútù Naryn ti lẹ fèrèsé pa,
èédú ń sọ̀rọ̀ nínú sítóòfù,
èmi àtìwọ la kù nílé ìwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀,
ìwọ ẹrù tí wọ́n dì wá láti òkèèrè,
tí mo gbé sápò ẹ̀wù fún wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀,
torí íńtánẹ́ẹ̀tì ibí kò nípọn ju òwú aláǹtakùn lọ.

Mo ní kí o wọlé. O ò wọlé, ìbéèrè lo ń bi mí.
Ṣé o gbà? Mo gbà.
Níbo ni kí n sùn?
Ṣé kí n gbé àpótí dátà tèmi kalẹ̀?
Ṣé kí n pa ti àtijọ́ rẹ́?
Ọwọ́ mi fò kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù bí ẹni fọwọ́ kan iná.

Ti àtijọ́ tí ò ń wí yẹn,
Sagynaly ló kọ ọ́, alaalẹ́, fọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
láti bébà dé tépù, láti tépù dé díìsìkì,
títí kan òru tí ilé ìyá rẹ̀ wó:
ó kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ ná, kó tó sunkún.

Àlejò tó gbé ẹní tirẹ̀ wá, ẹ káàbọ̀.
Èyí tó fẹ́ ká ẹní onílé,
dúró ná, ká jọ sọ̀rọ̀.

Mo dá ọ dúró. Mo tún orúkọ rẹ pè,
mo fi ìlà kékeré méjì tì í: --help.
O tú inú rẹ palẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin gbáko.
Háà! Alágídí yìí létí,
a ò kàn mọ ibi tó fi í sí ni.

--prefix: yàrá ẹ̀yìn ni kí o sùn.
Ìlà kékeré méjì: fi àpótí rẹ sílẹ̀ lóde, a ní tiwa.
Ìlà kékeré méjì: dákẹ́, má bi mí ní nǹkan kan mọ́.
Mo gbàgbé lẹ́tà kan ṣoṣo,
o fi pupa kọ ọ́ sí mi lójú pé o ò mọ ẹni tí mò ń pè.

--dry-run: rìn ín bí ẹni ń lálàá,
yí gbogbo ilé ká, má fọwọ́ kan ṣíbí.
O kà á fún mi, màá gbé èyí síbí, màá gbé tọ̀hún sọ́hùn-ún.
Mo wá fáìlì Sagynaly níbẹ̀, n ò rí i.
Mo mu tíì mi tó ti tutù.

Ìgbà náà ni ife gbọ̀n lórí tábìlì.
Kékeré ni. Ajá Jumabay gbó lẹ́ẹ̀kan.
Ilẹ̀ ò bi mí bóyá mo gbà,
kò sì fi àlá dán an wò.
Ẹ̀rọ àtijọ́ fa ìlà rẹ̀, ó tún dákẹ́.

Mo yọ àlá kúrò nínú àṣẹ, mo tẹ Éńtà.
Aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú mẹ́rin
lo gba yàrá ẹ̀yìn lọ, láìsọ̀rọ̀.

Tílẹ̀ bá mọ́, màá pe bàbá náà lórí fóònù.
Kò ní béèrè rẹ.
Á ní, “Ayimkan, aago mélòó ló mì?”