Àpá Ara Ògiri

Bí ẹ bá dé ilé wa ní Arówómọlé, l'Ógbòmọ̀ṣọ́,
yàrá kejì lọ́wọ́ òsì, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn,
ẹ ó rí àpá dúdú kan lára ògiri,
ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, orí rẹ̀ rí ṣóńṣó.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni akunlé ti wá láti ìgbà náà,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi dúró tì í bí ọlọ́pàá:
"Kun gbogbo rẹ̀. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Ọyẹ́ ló ń jà lọ́dún náà, ètè ń bẹ́,
ewé máńgòrò gbẹ bí pépà lẹ́yìnkùlé.
Wọ́n ti mú iná lọ láti ọjọ́ Ẹtì.
Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n mi, ń kàwé ìdánwò àṣekágbá.
Ó yọ́ ìdí àbẹ́là mọ́ orí agolo mílíìkì,
ó gbé agolo lé orí rédíò bàbá wa,
rédíò ń bẹ létí fèrèsé, kọ́tìnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́.
Ta ni ì bá bá a wí? Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.
Iná tín-ín-rín
tí ọmọ ọwọ́ lè fẹ́ pa lẹ́ẹ̀kan.

Àbẹ́là ń tàn, àbẹ́là ń tán.
Bó ṣe ń tàn náà ló ń tàn wá jẹ:
a rò pé ohun tó ń kúrú, agbára rẹ̀ ń dín.
Ìbídùn fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìwé Kẹ́mísìrì,
ojú ewé tó ń sọ ohun tí iná fi ń jó
(ó búra fún mi, n ò purọ́ mọ́ ọn),
oorun gbé e lọ.
Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kan wọlé láìkanlẹ̀kùn,
ó mú etí kọ́tìnì,
ó fà á lé iná lọ́wọ́.

Òórùn ló jí mi, kì í ṣe ariwo.
Iná kì í pariwo nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé,
wúyẹ́wúyẹ́ ló ń ṣe, bí ẹni ń tú ọ̀rá bisikíìtì lóru.
Rédíò ti ń sun ẹkún dúdú sílẹ̀,
fóòmù ti gbà á.
Bàbá Oyèníhùn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójúde
ló gbá ìlẹ̀kùn wọlé, ó fi àpò tútù bò ó,
ó ń bú wa bó ṣe ń da iyanrìn:
"Kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì yẹn! Ẹ gbé e jáde! Kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀yin aláìgbọ́n!"
Ìyá mi gbé Ìbídùn. Èmi gbé kẹ́ẹ̀gì.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. N ò mọ ohun tí mo gbá mọ́ra.

A ò sin ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ n yára sọ ìyẹn.
Apá ọ̀tún Ìbídùn ló rí bí èèpo ọsàn tó gbẹ.
Ó tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún kejì,
ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, àbẹ́là di àlejò tó ní òfin nílé wa.
Abọ́ tánganran oníyanrìn ni ìjókòó rẹ̀,
àárín tábìlì, níbi tí apá aṣọ kankan kò ká.
Ẹni tó tàn án ni yóò pa á.
Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, bí ọmọ jòjòló.
Ìṣáná ń gbé orí kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú Bíbélì ńlá.
Ìyá mi a rìn yípo kó tó sùn,
a fi itọ́ tọ́ ìka, a fún òwú náà pọ̀,
a dúró títí èéfín yóò fi tán,
a ní: "A pa á. Kò pa wá. Ó dàárọ̀."

Yàrá kan ni mo ń gbé báyìí ní Ọ́ńdà-Jí, èmi àti Làmídì.
Tọ́ọ̀ṣì onísólà wa kú lánàá, láago kan òru,
òjò ń rọ̀. Àbẹ́là wà, iyanrìn kò sí.
Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bu ẹ̀kúnwọ́ méjì níbi òkìtì àwọn abúlọ́ọ̀kù,
omi ń kán lórí mi bí mo ṣe wọlé.
Làmídì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́:
"Torí àbẹ́là? Àbẹ́là lásán?"

Mo wo ògiri wa.
Funfun báláú.
Kò tíì kọ́ nǹkan kan.