Àròkọ Àkọ́kọ́

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin kọjá díẹ̀.
Mo ti gbálẹ̀ báǹkì tán ní Taìwò,
mo fọwọ́ títí, òórùn Ísáàlì ò kúrò níbẹ̀,
mo wọ kẹ̀kẹ́ wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì,
mo jókòó ti fèrèsé tí kò ní gíláàsì,
ẹni ọdún mọ́kànlélógójì
láàárín ọmọ tó ń pè mí ní Màmá Kíláàsì.

Ohun tó gbé mi wá ò pọ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń da agbọ̀n ìdọ̀tí àwọn ọ̀gá nù.
Lẹ́tà tí wọ́n fà ya, màá tò ó pọ̀ lórí itan mi
bí ẹni to àpáàdì:
mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ
kí wọ́n tó kábàámọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, ọmọ Òmù-Àrán,
tó ń wọ súwẹ́tà nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà,
ní ká kọ àròkọ nípa ẹnì kan tí a mọ̀ dénú.
Mo kọ ìyá mi, Àsímáwù amọ̀kòkò Òkè-Lélé.
Mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń rí i:
ó ń jí kí ládàánì tó pèrun,
ó ń fẹsẹ̀ po amọ̀,
ó ń rìn yí ìkòkò ká, ìkòkò kì í yí, òun ló ń yí,
ó ń fi ṣùkù àgbàdo fín in lára,
ó ń sọ pé, ìkòkò tó bá kánjú gbẹ
ló ń sán nínú iná.

Ìwé mi padà wá bí ọmọ tí ẹ̀fọn jẹ mọ́jú.
Ní ìlà kẹta mo ti pe ìyá mi ní ọkùnrin:
Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kéèyàn kọjá lẹ́nu ibodè
láìbi í bóyá akọ ni tàbí abo.
Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tó kọ sísàlẹ̀:
*Ẹ ní ìyá yín ti kú. Ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe yìí
padà sí àná.*

Ní ilé tiwa, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í wọ aṣọ ọ̀fọ̀.
Àná ló lọ, ọ̀la ni yóò lọ,
"lọ" ò pààrọ̀ ẹ̀wù.
Ṣùgbọ́n mo kó wọn padà, lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń kó ẹrù òkú síta.

Oṣù kan kọjá, a dé orí lítíréṣọ̀.
Ìtàn ìyá arúgbó kan nílùú oníyìnyín
(mo fi yìnyín wé ọyẹ́, mo mọ̀ pé wọn ò jọra),
ó kú lójú ìwé kọkàndínlógún.
Mo ti gbọ́n. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí àná.
Báírò pupa tún dé.
"Rárá o, Màmá. Ẹni inú ìwé, òní la fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.
Ó ń kú ni, kò tíì kú tán.
Ẹ ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ẹ óò bá a nídìí àrò."

Mo wò ó. Mo wo súwẹ́tà rẹ̀.
Gẹ̀ẹ́sì mi ò gba ìbéèrè náà, mo fi Yorùbá bi í:
"Tíṣà, ta ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn tí wọ́n fi ń wọnú ìwé?"
Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún,
kò sì sí eruku lára rẹ̀.

Lálẹ́, NẸ́PÀ mú iná lọ.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan.
Obìnrin kan wà nínú rẹ̀, mi ò yí orúkọ rẹ̀ padà.
Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ sán. Mo tún un pò.
Ìkejì ti kánjú gbẹ.
Nínú ìkẹta, ládàánì ò tíì pèrun,
ẹnì kan ti wà lágbàlá, amọ̀ dé e lọ́rùn ẹsẹ̀.

Òùngbẹ gbẹ mí. Mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
sídìí àmù tó mọ kí àìsàn tó dé,
mo bu omi mu.
Ó tutù.
Mo padà wá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì,
mo yẹ ọ̀rọ̀-ìṣe náà wò lẹ́ẹ̀mejì:
òní ni.
Kí báírò pupa máa bọ̀.