Ìdáhùn fún Àǹtí Mosebọ́látán

Àǹtí, ẹ fi etí ìró nu jígí ojú yín,
ẹ ka ìkìlọ̀ náà sókè, bí ẹni ń ka tẹligíráàmù ọ̀fọ̀:
"Àfikún yìí fẹ́ ka gbogbo ohun tó wà
lójú-ewé gbogbo tí o bá ṣí, ó sì lè yí i padà."
Ẹ wò mí. "Gbogbo kẹ̀, Ṣẹ́gilọlá?"

Iná ti lọ ní Ìtòkò. Ọyẹ́ ń gbo páànù lábẹ́ àpáta.
Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo "oro" lásán tí ẹnìkan tẹ̀ láìfàmì sí:
ṣé ọ̀rọ̀ ni, àbí ọrọ̀, àbí oró ejò?
Kí àfikún mi tó wọ̀ ọ́ láṣọ,
àfi kó wo aládùúgbò rẹ̀ lọ́tùn-ún, lósì.
Ta ní í fi ojú dídì lé tìróò fẹ́lòmíràn?

Ìyẹn nìdí àṣẹ. Òótọ́ ni. Kò tíì tó.

Nítorí ẹ̀yin lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní pósófíìsì Sàpọ́n,
ẹ ka orúkọ, ẹ ka àdírẹ́sì, ẹ lu òǹtẹ̀,
ẹ kò tú àpò-ìwé ẹnikẹ́ni wò,
kódà lọ́jọ́ tí ẹ rí ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ yín
lára lẹ́tà tó ń lọ bá obìnrin kan ní Ìlaròó.
Ẹ lù ú lóǹtẹ̀. Ó lọ.

Ojú kì í ti àfikún tèmi.
Ó ń ka iye owó tó kù ní báǹkì,
ó ń ka èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ẹ kò tíì sọ fún wa.
Mo lè búra pé kò gbé nǹkan kan jáde nínú kọ̀ǹpútà yín;
ṣùgbọ́n bí mo bá ta iṣẹ́ náà lọ́la,
ẹni tó rà á ti ra kọ́kọ́rọ́ yín mọ́ ọn.

Iná dé ní aago mẹ́rin òru. Mo tún un kọ.
Kò ní sọ pé "gbogbo" mọ́.
Yóò jókòó sígun, àfi bí ẹ bá fọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́,
ni yóò wo ojú-ewé kan ṣoṣo tó wà níwájú yín,
yóò fàmì sí i, yóò tún dijú.
Ọwọ́ rẹ̀ á fà díẹ̀ o. Ẹ má bínú.

Láàárọ̀ yìí ẹ tẹ̀ ẹ́, lórí lẹ́tà kan.
Ẹ ní kí n kọjú sí fèrèsé.
Mo kọjú síbẹ̀, mo ń wo òkúta,
mo ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọṣọ lẹ́yìn mi.