Omi Orrin

Orrin, ìwọ lo kọ́ mi pé a kì í gbé táǹkì yẹn rìnrìn àjò
bí omi bá wà nínú rẹ̀.
"Dà á nù kí o tó ṣínà ọkọ̀," lo máa ń wí,
"omi kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí o bá tẹ búréèkì, òun kò ní tẹ̀ ẹ́."
Ọdún mọ́kàndínlógún la fi wọ́ ilé orí táyà wa kiri,
n kò fọwọ́ kan táǹkì aláwọ̀ búlúù náà rí.
Tèmi ni ìkòkò àti máàpù.
Tìrẹ ni ìbọ̀wọ́, rọ́bà omi, àti òórùn.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, o fọ abọ́ alẹ́,
o fọ ife kọfí rẹ tó ti là létí,
o ń ráhùn pé omi ò gbóná tó.
Omi ìkẹyìn tó gba ọwọ́ rẹ kọjá nìyẹn.
Ó gba ojú ihò lọ sínú táǹkì,
ìwọ náà gba ojú oorun lọ.

Yìnyín bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Nebraska.
Mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dún bí òkúta.
Janelle ní kí n jẹ́ kí wọ́n wá kó o dànù,
n kò dá a lóhùn.
Nígbà tí ooru dé, mo gbọ́ ọ tó ń mì lẹ́gbẹlẹ̀gbẹ.

Delbert bá mi gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù,
ó fi bẹ́líìtì méjì dè é, ó wò mí lójú.
"Marlys, ṣé kò sí nǹkan nínú èyí?"
Mo ní kò sí.

Ní ilé epo kan lẹ́bàá Ogallala,
ọmọkùnrin tó ń nu gíláàsì fi apá bo imú.
Mo ní, "Má bínú, ọkọ mi ni."
Kò bi mí ní ìbéèrè kejì.

Afẹ́fẹ́ Wyoming kì í kí èèyàn kó tó gbá a létí.
Mo ń sá máìlì márùndínláàádọ́ta, àwọn tírélà ń fọn fèrè ìbínú.
Bí mo bá yà, omi náà á yà lẹ́yìn mi,
á pẹ́ díẹ̀ kó tó yà,
bí ẹni tó ṣì ń jiyàn pé ọ̀nà òsì ló yẹ ká gbà.

Àgọ́ wa rèé, ààyè kẹtàlélógójì,
lábẹ́ igi tí o forí gbá lọ́dún yẹn.
Mo tú ilé kúrò lára ọkọ̀,
mo fi pákó méjì yí táǹkì sọ̀kalẹ̀,
mo fi ọwọ́ irin rẹ̀ kọ́ ìdí ọkọ̀,
mo wà á ní ìrìn ìgbín lọ síbi ihò ìdaminù.
Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ń ké. Ó ti ń ké láti ọdún mẹ́ta,
ọ̀la lo máa ń sọ pé o máa fi epo sí i.

Mo wọ ìbọ̀wọ́ rẹ. Ìka rẹ gùn ju tèmi lọ,
orí rẹ̀ ń rọ̀ wọ̀jọ̀ bí etí ajá.
Mo so rọ́bà, mo ṣí ẹnu táǹkì.
Mo ń retí nǹkan kan, n kò mọ ohun tí mo ń retí.
Òórùn ló wá, òórùn gidi:
ọṣẹ, ọ̀rá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí tó ti jẹrà.
Omi náà tú wàà, ó rọra,
ó wá ń kán tó, tó.

Obìnrin kan wà lẹ́yìn mi lórí ìlà, ilé tirẹ̀ tóbi bí ṣọ́ọ̀ṣì.
Kò fọn fèrè.

Mo ṣan táǹkì lẹ́ẹ̀mejì, bí o ṣe máa ń ṣe.
Ó fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan ni mo fi gbé e kọ́ àkàbà ẹ̀yìn ilé.
Bẹ́líìtì méjì, mo tún fi okùn kún un nítorí afẹ́fẹ́.

Lálẹ́, mo fọ abọ́ kan, ṣíbí kan.
Mo dúró gbọ́ bí ó ṣe ń ṣàn lọ sísàlẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ yẹn, Orrin,
mo ti fi epo sí i.