Ewé Tó Kàn

Oyèníkẹ̀ẹ́ ń kàwé Giríìkì nídìí àtùpà,
iná ti lọ ní gbogbo Ìlódè.
Ó ní ọba kan wà lọ́hùn-ún láyé àtijọ́
tó fi wúrà bo ìwo akọ màlúù,
tó fà á gòkè lọ bá abọrẹ̀ obìnrin
tí òrìṣà ń gba ẹnu rẹ̀ fọhùn.
Kílẹ̀ tó ṣú, òrìṣà ti jẹ́rìí:
ọba yẹn gan-an lọmọ òun.
Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín.
"Bàbá, ṣé ẹ ò rí i pé wọ́n rà á ni?"

Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Lọ́dún tí ààfin ṣófo,
ẹmẹsẹ̀ kan kanlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé yìí,
òbúkọ dúdú lọ́wọ́ rẹ̀,
ó ní kí ojúbọ wa dárúkọ ilé tó kàn.
Mo kúnlẹ̀ títí àkùkọ fi kọ.
Òrìṣà ò wí nǹkan kan.
Ilẹ̀ mọ́, mo dárúkọ.

Ẹran òbúkọ yẹn le bí igi.
Ìyá rẹ̀ sè é láàárọ̀, ó tún un sè lálẹ́,
òun ló fi bọ́ oyún tó di akàwé yìí.

"Bàbá, ṣé ẹ ti sùn ni?"
Mo ní rárá.
Mo ní kó ṣí ewé tó kàn.