Òjò Kítísírì

Ilé-iṣẹ́ irin ní Odógunyàn la ti pàdé,
èmi nídìí ìwọ̀n, òun nídìí ìléru.
Kítísírì, ará Siri Láńkà,
ahọ́n rẹ̀ ń fò lórí orúkọ ọmọ mi
bí ẹsẹ̀ lórí òkúta odò.

Ọ̀pẹ dé. Ọyẹ́ gorí òrùlé,
ó da eruku bo ọ̀sà títí dé Èbúté.
Kítísírì sáré jáde: "Kí ló ń jó?"
A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.
Ètè rẹ̀ là bí ilẹ̀ àkùrọ̀ tó gbẹ.
Ọkùnrin tí ń yọ́ irin,
afẹ́fẹ́ lásán ń pa á lẹ́kún!
Mo di òrí sínú ọ̀rá fún un, mo ní,
"Fi ra ètè, fi ra gìgísẹ̀,
má bá ọyẹ́ jiyàn.
Àlejò bíi tìrẹ ni, yóò lọ."

Nígbà ìsinmi ọ̀sán ló máa ń sọ ti ilé:
afẹ́fẹ́ tiwọn kì í ru eruku, òjò ló ń rù.
Láti Ẹ̀bìbí, á ti ìwọ̀-oòrùn wọlé,
á da gbogbo ẹrù rẹ̀ sí iwájú òkè,
ẹni tó wà lẹ́yìn òkè á máa wo ojú ọ̀run.
Tó bá di Béélú, afẹ́fẹ́ á yíjú padà,
ó wá kan àwọn tó ti ń wòkè láti gbé garawa.
Mo ní, "Ó yé mi. Ẹ ń fi òjò dá èsúsú."

Mo se ewé tíì ẹ̀yìnkùlé mi fún un.
Ó mu ún, ó mi orí, ó ní tíì kọ́ nìyí.
Ó tọrọ ife kejì.

Inú Agẹmọ ni òjò wá bú.
Ọ̀nà Ṣàgámù di odò,
ọkọ̀ máníjà kú sínú omi,
páànù ń han gooro lókè orí wa.
Gbogbo wa kó sábẹ́ àgọ́ ìwọ̀n,
ọ̀gá, lébírà, ẹyẹlé, adìyẹ,
òwe àtijọ́ ti mọ̀ wá tẹ́lẹ̀.
Kítísírì nìkan ló bọ́ bàtà.
Ó dúró sínú rẹ̀, ó dijú,
ó ń sọ èdè tí kò sẹ́ni tó gbọ́ nínú wa
fún òjò tó dà bí ẹni gbọ́.

Ó ti padà sílé.
Àná, ọyẹ́ tún dé. Mo rán ohùn sí i lórí fóònù:
ikọ́ mi, àti ìgbálẹ̀ lórí eruku.
Òjò ló fi dá mi lóhùn,
ìṣẹ́jú kan gbáko, kò sọ̀rọ̀.
Mo gbé fóònù sójú fèrèsé
níbi tí ewé tíì ti ń rọ,
mo jẹ́ kó rọ̀ tán.